Ta Ló Ni Sùúrù?

Obìnrin tó ń bá ìyàwó mi ránṣọ ti lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù Kẹta, tí ooru mú débi pé ara kò gba ẹ̀wù, mo lọ bá a gba aṣọ kan, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní òun sábà máa ń mọ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù kí ìyá tó bí i lọ́mọ tó mọ̀. Mo ní báwo. Ó fa téèpù ọrùn rẹ̀ yọ, ó nà án sí mi, ó ní, "Tí mo bá fẹ́ wọn apá rẹ̀, tí téèpù yìí ṣèèṣì fara kàn án báyìí, á yẹra fìrì. Á wá rẹ́rìn-ín, á ní kí n má bínú, ibẹ̀ ló ń dun òun díẹ̀. Tí mo bá béèrè irú ọrùn tó fẹ́, á ní kí n gbé e sókè dáadáa, kí apá ẹ̀wù náà sì gùn dé ọrùn ọwọ́. Nínú irú ooru yìí."

Mo béèrè ohun tó máa ń sọ fún wọn. Ó yọ abẹ́rẹ́ tó há sẹ́nu, ó gún un mọ́ aṣọ tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Mo máa ń ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Kí ni mo tún fẹ́ sọ, bọ̀dá?"

N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí ìyá tèmi náà ìbá sọ nìyẹn. Ohun tí pásítọ̀ ń sọ nìyẹn, tí àáfà ń sọ, tí ọlọ́pàá ń sọ nídìí kántà kó tó ṣí ìwé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti di àgbo tí gbogbo wa ń bù fún obìnrin tí ojú rẹ̀ wú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó, nítorí nínú gbogbo ọgbọ́n tí a jogún, n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti sọ pé ẹni tí wọ́n ń nà ló ni sùúrù.

Àwọn babaláwo ní ìtàn kan nípa Ìwà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ nípa rẹ̀ ní 1975, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ sì pọ̀. Obìnrin ni Ìwà, ọmọ Sùúrù ni, Ọ̀rúnmìlà ló fẹ́ ẹ. Ó ní àléébù tirẹ̀, wọn kò pè é ní ẹni tó pé. Ọ̀rúnmìlà kò lè mú un mọ́ra, ó ń ṣe é ṣúkaṣùka. Ìwà bá gbéra, ó fi ilé náà sílẹ̀. Ọjọ́ tó lọ ni nǹkan Ọ̀rúnmìlà bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú: àwọn tó ń wá dífá lọ́dọ̀ rẹ̀ kò wá mọ́, owó kò wọlé, iyì rẹ̀ wọmi. Ó gbé ẹ̀kú egúngún wọ̀, ó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà babaláwo kan dé òmíràn, ó ń béèrè Ìwà.

Ẹ wo bí ìtàn náà ṣe tò. Obìnrin náà ní àléébù, síbẹ̀ wọn kò fi àléébù rẹ̀ dá ọkọ láre. Ó kúrò nílé ọkọ, ẹnikẹ́ni kò pè é ní dálémosú. Ọkùnrin náà, tó jẹ́ ẹlẹ́rìí ìpín, tí gbogbo ayé ń gba ọgbọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló jìyà ìwà ara rẹ̀. Orúkọ òbí tó bí obìnrin yẹn sì ni Sùúrù. Ẹni tó bá fẹ́ fi Ìwà ṣaya, Sùúrù ni àna rẹ̀, òun ni yóò dọ̀bálẹ̀ fún.

Ẹni tó lágbára láti nani, tó sì ká ọwọ́ rẹ̀ kò, òun ni Yorùbá ń pè ní onísùúrù. Ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, tí kò rọ́nà sá, ìyà ló ń jẹ. A ti gbé ẹrù alágbára ru aláìlágbára, a wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, a ń kí i pé ó kú ìfaradà.

N kò ní purọ́ fún yín nípa àwọn baba wa. Wọ́n lu ìyàwó. Ní agbo ilé tí mo dàgbà sí n'Ìbàdàn, mo gbọ́ ìró ẹgba rí, mo rí obìnrin tó ń fi òrí ra ojú wíwú. Àmọ́ ìjánu wà lẹ́nu ẹṣin náà, mo sì fojú mi rí ọjọ́ tí wọ́n fà á.

Ọkùnrin kan wà nínú ilé wa, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Lóru ọjọ́ kan ó ti ìyàwó rẹ̀ mọ́ yàrá, ó ń lù ú. Ìyá tó dàgbà jù nínú àwọn obìnrin ilé jáde láti yàrá tirẹ̀. Ìró nìkan ló ró mọ́ àyà, àtùpà lọ́wọ́ kan, ọ̀pá lọ́wọ́ kejì. Kò pariwo. Ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní, "Ọmọ mi, ṣílẹ̀kùn. Èmi ni kó o wá nà." Kò ṣí i. Ìyá àgbà bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ní ọmú tí bàbá rẹ̀ mu rèé, bó bá tún fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ, ọmú náà lòun máa fi bú u. Kẹ́kẹ́ pa nínú yàrá. Kò pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin náà jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá àgbà fa ìyàwó lọ́wọ́ lọ sí yàrá tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, ọkọ kò lè gbójú sókè wo ẹnikẹ́ni lágboolé. Bó bá fẹ́ lọ wẹ̀, á dúró kí gbogbo ilé sùn.

Ìtìjú nìyẹn, ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ló sì wà lọ́jọ́ náà.

Lónìí, inú fúláàtì ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé. Ilẹ̀kùn onírin, fẹ́ǹsì gíga, jẹnẹrétọ̀ tó ń bú lóru tó ń bo igbe mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà ti kú, ẹnikẹ́ni kò sì jókòó sípò rẹ̀. Àwa tí à ń gbọ́ ọ lódìkejì ògiri, a ń yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, a ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, ẹ má dá sí i. Bílẹ̀ bá mọ́, ọkọ á wọ kóòtù rẹ̀, á kí wa pé ẹ káàárọ̀, a ó sì jẹ́ ẹ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìyàwó ni kò ní jáde. Òun ló ń fi pọ́dà bo ojú, òun ló ń purọ́ pé bálùwẹ̀ lòun ti yọ̀ ṣubú, òun ló ń rán ẹ̀wù alápá gígùn nínú oṣù Kẹta. Ìtìjú ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó nani, ó ti lọ ń bá ẹni tí wọ́n nà gbé.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ̀rù tó ń bà mí nípa ìran wa ni pé a ti kọ́ bí a ṣe ń sùn nínú hẹ̀rẹ̀huru.

Ohun kan wà tí a ń ṣe níṣojú gbogbo ayé tí a kì í rántí ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ ìdána, lẹ́yìn tí ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ti dọ̀bálẹ̀ tán, tí wọ́n ti ka ẹrù, wọ́n á gbé owó orí kalẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹbí lónìí, ẹbí ìyàwó máa ń dá owó yìí padà. Wọ́n á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n á gbé e padà fún ẹbí ọkọ, wọ́n á ní, "A ò ta ọmọ wa. A fi í fún yín kẹ́ ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀ ni." Onílù á dá sí i, èrò á pàtẹ́wọ́. N kò lè ka iye ìgbà tí mo ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ohun tó ń sọ ni pé ọmọ náà kò kúrò lọ́mọ ilé, pé a kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọmọ yìí kan náà á dé lálẹ́ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ètè rẹ̀ á ti bẹ́, bàbá tó dá owó padà níṣojú ọgọ́rùn-ún mẹ́ta ènìyàn á sì máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá dálémosú ló fẹ́ dà, á ní kílẹ̀ mọ́ kó padà sílé ọkọ rẹ̀. À ń ṣe bí ẹni tó ta ọjà tí kì í gbà á padà.

Obìnrin Yorùbá tó ń fi ilé ìyà sílẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ wà lára ohun tó kún ibẹ̀ fọ́fọ́, àwọn obìnrin ló sì ń pe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n á dá owó orí padà, wọ́n á bá tiwọn lọ. Àwọn tó ń sọ pé ìwé kíkà ló kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa ní ìkọ̀sílẹ̀ kò bá àwọn ìyá ìyá wọn jókòó rí.

Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà wà níbẹ̀. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá báyìí, wọ́n pe ìpàdé ẹbí kan, mo wà lára àwọn tó jókòó. Ọmọ àbúrò bàbá mi ni ìyàwó. Ojú rẹ̀ òsì ti wú di, ó fa gèlè wá síwájú kí a má bàa rí i. Ọkọ rẹ̀ wọ agbádá, ó ń sọ̀rọ̀ tútù: inú ló bí òun, iṣẹ́ èṣù ni, ẹnu ìyàwó òun sì ti mú jù. Àwọn àgbà gbọ́ tẹnu rẹ̀ tó wákàtí kan. Nígbà tó kan ìyàwó, ẹnìkan ní kó má jẹ́ kọ́rọ̀ gùn, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní kó kúnlẹ̀, kó bẹ ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ nílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi àkísà di ìka kan tó ti ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wà lọ́fun mi, mo gbé e mì. Mo sọ fún ara mi pé èmi kọ́ ni mo dàgbà jù níbẹ̀. Mo jẹ ìrẹsì tí wọ́n gbé kalẹ̀, mo mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, mo lọ sílé.

Ó ṣì wà láàyè, a dúpẹ́, ó sì ti kúrò níbẹ̀ nígbà tó yá. Àmọ́ etí rẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ran dáadáa mọ́. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, á yí etí òsì sí mi. Gbogbo ìgbà tó bá yí i ni mo máa ń rántí ìrẹsì yẹn.

Bó bá jẹ́ pé ojú wíwú là ń dúró dè ká tó mọ̀, a ti pẹ́ jù. Ìgbà àfẹ́sọ́nà ló ti ń yọjú, ìfẹ́ ló sì máa ń fi bojú. Mo wọ danfó láti Ìyànà-Ìpájà lọ sí Ọ̀ṣòdì lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan jókòó tì mí, kò lè ju ọmọ ọdún méjìlélógún lọ. Fóònù rẹ̀ dún, fídíò ni wọ́n fi pè é. Ẹni náà kò kí i. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Yí fóònù yẹn ká, jẹ́ kí n rí àwọn tó jókòó tì ẹ́." Ọmọ náà yí i ká, mo rí ojú ara mi níbẹ̀. "Ta ni bàbá yẹn?" Ó ní òun ò mọ̀ mí, èrò ọkọ̀ ni. "Kí ló dé tó o wá sún mọ́ ọn tó báyẹn?" Ó fún ara rẹ̀ mọ́ fèrèsé títí a fi dé Ọ̀ṣòdì. Nígbà tó ń bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Ó máa ń jowú ni, ó fẹ́ràn mi jù."

Ìwọ ọmọbìnrin tó ń kà mí, ìfẹ́ kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń yẹ ọ̀rọ̀ orí WhatsApp rẹ wò; ẹni tó gba káàdì báńkì rẹ pé òun mọ owó ná jù ọ́ lọ; tó ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jà lọ́kọ̀ọ̀kan títí tó fi ku ìwọ nìkan; tó ní ìyá rẹ fẹ́ tú ilé ká, kó o má pè é mọ́; tó ń bú ọ láàárín èrò, tó bá di ẹ̀yìn, á ní eré lòun ń ṣe; tó na fóònù mọ́lẹ̀ tó fọ́ yángá. Ọwọ́ tó fọ́ fóònù yẹn, ara rẹ ló ń bọ̀ wá bà.

Lẹ́yìn tó bá sì ti nani tán, ó máa ń sunkún. Ẹkún náà lè jẹ́ òótọ́. Á ra aṣọ, á ra góòlù, á gbé àwọn àgbà wá bẹ̀bẹ̀. Ilé á tòrò fún oṣù kan, oṣù méjì. Lẹ́yìn náà inú á tún máa ru, ìyàwó á máa wo ojú rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á máa sá wọ yàrá bí wọ́n bá gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu géètì, títí ọwọ́ á tún fi gbéra. Lenore Walker, onímọ̀ ìhùwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àyípo yìí ní 1979. Ìyá kan tí mo mọ̀, tí kò kàwé rí, mọ̀ ọ́n láìsí pé ẹnìkan kọ́ ọ: ó máa ń sọ pé ìdajì aṣọ inú àpótí òun, aṣọ ẹ̀bẹ̀ ni.

Àwọn àmì kan sì wà tí kò gba sùúrù rárá. Bí ọkùnrin bá ti fún obìnrin lọ́rùn rí, kódà kí àpá má hàn. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2008 fi hàn pé nínú àwọn obìnrin tí wọ́n ń lù, ewu kí ọkùnrin náà pa á ju ìlọ́po méje lọ fún ẹni tó bá ti fún lọ́rùn rí. Bó bá ń lù ú toyúntoyún. Bó bá ti yọ ọ̀bẹ, tàbí tó ti ń sọ pé òun á pa á kí òun náà tó pa ara òun. Àkókò tí obìnrin náà bá sì fẹ́ lọ ni ewu pọ̀ jù. Nítorí náà, kó má ṣe dágbére fún un. Kó lọ nígbà tí kò sí nílé, kí ẹnìkan tó ṣe é fọkàn tán sì mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tí a bá kó obìnrin mẹ́ta jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹnìkan nínú wọn tí wọ́n ti lù tàbí tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ rí. Nínú ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe lórí ìlera àwọn ènìyàn ní Nàìjíríà ní 2018, nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 49, 31 ni wọ́n ti lù rí láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 15. Èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù tún wà nínú ìwádìí kan náà. Wọ́n bi wọ́n bóyá ó tọ́ kí ọkọ lu ìyàwó rẹ̀ bí oúnjẹ bá jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, bó bá bá a jiyàn, bó bá jáde láì sọ fún un, bí kò bá mójú tó ọmọ, tàbí bó bá kọ̀ láti bá a sùn. Nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, 28 ní ó tọ́ lórí ó kéré tán ọ̀kan nínú rẹ̀. Nínú àwọn ọkùnrin, 21 ni. Àwọn tí ẹgba ń bà ló ń dá ẹgba láre ju àwọn tó mú un lọ́wọ́ lọ. Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ sùúrù yìí dé nìyẹn.

Òfin wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ lórí ìwà ipá abẹ́lé ní 2007, Èkìtì ṣe tirẹ̀ ní 2011, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe èyí tí wọ́n ń pè ní VAPP ní 2015, tí àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ti ń sọ di tiwọn. Òfin 2015 yìí mọ̀ kọjá ìkúùkù: ó ka fífi owó ni ènìyàn lára, yíya ènìyàn nípá kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́, àti èébú tó ń ba ọkàn jẹ́, mọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, ó lè san owó ìtanràn tó tó ₦200,000, ó sì lè jẹ méjèèjì pọ̀. Adájọ́ lè pàṣẹ pé kó má sún mọ́ ẹni tó ń fìyà jẹ. Èkó tiẹ̀ ní àjọ kan fún iṣẹ́ yìí, DSVA. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè na ẹsẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà lóru bíi ti ìyá àgbà. Ènìyàn ni yóò lọ pè é.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin 2022, Osinachi Nwachukwu, akọrin ìyìn, kú ní Abuja. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Yorùbá ló ń kọ orin rẹ̀ láì gbọ́ èdè Ìgbò tó fi kọ ọ́. Lẹ́yìn tó kú tán ni àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ àtàwọn tó mọ̀ ọ́n wá ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ. Ní oṣù Kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ gíga l'Abuja dájọ́ ikú fún ọkọ náà. Ọmọ mẹ́rin ni Osinachi fi sílẹ̀. Gbogbo wa gbọ́ ohùn obìnrin yìí, nínú ilé, nínú ọkọ̀, lórí àga ìjọsìn. Igbe rẹ̀ nìkan ni kò dé etí wa.

Ẹ̀yin pásítọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Malaki orí kejì, ẹsẹ kẹrìndínlógún, lẹ máa ń kà fún àwọn obìnrin yìí pé Ọlọ́run kórìíra ìkọ̀sílẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á parí. Ìwà ipá wà nínú ẹsẹ kan náà, Ọlọ́run kò sì gbè sẹ́yìn ẹni tó ń hù ú. Ẹ̀yin àáfà, ẹ mọ̀ jù mí lọ pé ìwà ọkùnrin sí ará ilé rẹ̀ ni Ànábì fi ṣe òṣùwọ̀n ẹni rere. Ẹ máa sọ èyí lórí mínbárì lọ́jọ́ Jímọ̀, kí àwọn ọkùnrin tó wà ní sàfù iwájú gbọ́.

Àwọn ọkùnrin náà wà lára àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ. N'Ìbàdàn ní 2016, ọkùnrin kan kú sọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, agbẹjọ́rò ni obìnrin náà. Ní 2017 ilé ẹjọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún méje. Ọkùnrin tí aya ń lù kì í lè sọ, nítorí ẹ̀rín ni wọn yóò fi rín in. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kan ni mo rí àwọn ọmọ kékeré méjì tí wọ́n ń ṣe bàbá-àti-ìyá lẹ́yìnkùlé ilé wa. Agolo sàdíìnì ni ọmọbìnrin fi ṣe fóònù, ó gbé e sétí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin, tí kò tíì ju ọdún mẹ́fà lọ, dúró lé e lórí, ó fọwọ́ sí ìbàdí, ó ní, "Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Mú un wá!" Ó já agolo náà gbà. Ọmọbìnrin yẹn kò bá a jà. Ó fọwọ́ méjèèjì borí. Mi ò mọ ilé tí èwo nínú wọn ti kọ́ ọ. Àwọn méjèèjì ló ti mọ ipa tiwọn nínú eré náà.

Nígbà kan, bí wọ́n bá wá tọrọ ọmọ wa, a máa ń wádìí. Alárinà á rìn, á béèrè bóyá àrùn wà nídìílé wọn, bóyá ọwọ́ wọn mọ́, bóyá inú wọn le. Lónìí, iṣẹ́ tó ń ṣe, ọkọ̀ tó ń gùn, ìwé ìrìnnà tó ní, a ti parí ìwádìí. Mo bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ tún béèrè báwo ló ṣe ń ṣe bí inú bá bí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin. Wọ́n mọ̀.

Bí o bá sì ń gbọ́ igbe lódìkejì ògiri, lọ kan ilẹ̀kùn. Ní o wá tọrọ iyọ̀. Ní iná rẹ ni kò tàn. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ jọ lọ, kí ẹnìkan sì máa pe ọlọ́pàá. Má ṣe lọ sọ níwájú ọkọ pé ìyàwó rẹ̀ ti wá fẹjọ́ sùn ọ́, ìyàwó náà ni yóò jìyà rẹ̀ lóru. Nígbà tó bá dá wà, sọ fún un pé o gbọ́, o sì gbà á gbọ́. Má béèrè ohun tó ṣe fún un.

Lóṣù tó kọjá, mo tún dúró ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin aránṣọ yẹn. Ó fà mí wọlé, ó tọ́ka sí abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Báàgì kékeré kan wà níbẹ̀ tó fi ègé aṣọ bò. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ló gbé e wá: ìwé ẹ̀rí ilé ìwé, ìwé ìbí àwọn ọmọ, owó díẹ̀ nínú ọ̀rá, bàtà ọmọdé ẹsẹ̀ méjì. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí òun kò sọ̀rọ̀ sùúrù. Òun bi í pé nígbà wo ni. Obìnrin náà ní òun ò tíì mọ̀, òun ń dúró kí òun mọ̀ bóyá bàbá òun á gba òun.

Ìwọ bàbá, bóyá ọmọ tìẹ ló ni báàgì yẹn. Pè é lálẹ́ òní. Sọ fún un pé o dá owó orí padà lọ́jọ́ náà, o sì mọ ohun tó o sọ. Bó bá kan ilẹ̀kùn, ìgbà yòówù kó jẹ́ lóru, ṣí i. Gba ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, bu omi fún un, jẹ́ kó sùn. Ìbéèrè kù dọ̀la.